Èémí Tante Ozite

Kò sí ẹni tó lè gé igi nínú àbàtà iwájú ilé Tante Ozite kó má gbọ́. Bí àáké bá dún lẹ́ẹ̀kan péré, ọbẹ̀ ì báà wà lórí iná, á fi ọbẹ̀ sílẹ̀, á bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, á wa àjẹ̀ lọ síbi tí ìró náà ti ń wá. Kì í pariwo. Á kàn wo agégi náà láti orí dé ẹsẹ̀, á wá bi í pé, "Ṣé ìwọ lo máa bá mi mí?" Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè yẹn? Wọ́n á kó àáké wọn, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Èmi Zulma, ọmọ àbúrò Tante Ozite ni ọkọ mi, Ferréol. Lédè Faransé wa níbí ní Luisiana, Tante ni àǹtí, Nonc ni ọ́ńkù. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí mi sí, lápá ibi tí wọ́n ti ń sin màlúù, Ferréol ló gbé mi wá sínú omi. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo lè bó edé odò lójú oorun. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà lára mi tí omi ò lè fọ̀: ọ̀rọ̀ tí kò bá yé mi, kì í jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nonc Théogène, ọkọ Tante Ozite, máa ń ní bí wọ́n bá sin mí tán, màá ṣì jókòó nínú pósí, màá bi àwọn agbẹ́lẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò gbẹ́ ẹ lápá ọ̀hún. Kò burú. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ọ̀rọ̀ èémí yẹn sì rèé. Nígbà tí Tante Ozite wà ní kékeré, ikọ́ fée fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Ó ní òun ṣì rántí bí àyà òun ṣe máa ń súfèé bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Bàbá rẹ̀ lọ bẹ Nonc Valsin, awòsàn tó ń fi àdúrà àti ọgbọ́n àgbà tọ́jú èèyàn. Valsin ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ gbogbo wa. Ó fi ẹ̀yìn ọmọ náà ti igi, ó fi ìlu lu ihò sára igi náà kó ṣe déédéé àtàrí rẹ̀, ó gé irun díẹ̀ lórí rẹ̀, ó kì í bọ ihò náà, ó fi èèkàn kékeré dí i pa. Ọjọ́ tí ọmọ bá ga kọjá èèkàn, ikọ́ náà parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n igi tí irun èèyàn bá wà nínú ẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ gé e. Bí wọ́n bá gé e, èémí onírun bá a lọ. Wọn kì í sì í fi igi náà han ọmọ, torí ọmọ tó bá ń lọ fi ara rẹ̀ wọn igi lójoojúmọ́ máa ràn ni, kò ní ga mọ́. Bàbá rẹ̀ kàn na ọwọ́ sí àbàtà iwájú ilé pé, "Ibẹ̀ yẹn ló wà." Bàbá kú. Valsin kú. Ó wá ku Tante Ozite àti àìmọye igi, ó sì pinnu pé òun á ṣọ́ gbogbo wọn.

Títí di ìgbà tí àwọn agégi ra àbàtà náà.

Oṣù kọkànlá ti ń lọ sópin. Ẹfun tí a fi kun ibojì àwọn òkú wa lọ́jọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná wa. Omi ti fà, kò sì ṣàn, ó kàn dúró síbẹ̀ dúdú bíi kọfí. Ewé sípírẹ́sì, igi ńlá tó kún àbàtà wa, ti pọ́n bí irin tó dípẹtà, ó ń jábọ́ sórí omi láìdáké. Orúnkún wọn, ìyẹn gbòǹgbò tó máa ń yọrí sókè láti inú ẹrẹ̀, ti yọ síta gbangba, àwọn ìjàpá odò sì tò sórí wọn wọ́n ń yáàrùn. Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Pruett dé, fọ́máànù àwọn agégi, ará àríwá Luisiana, tó ń sọ Faransé wa bí ẹni tó ń jẹ òkúta.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, èèyàn dáadáa ni. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó mu kọfí Tante Ozite, ojú ẹ̀ sì ranko torí kọfí yẹn lè gbé òkú dìde. Tante Ozite ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un. A rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rín in.

"Màdáámù," ó ní, "ìyá mi àgbà ri ìwọ́ gbogbo wa mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ hú ẹnu ọ̀nà yẹn títí dòní. Mi ò lè dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá mi náà ní ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí." Ó yọ aṣọ pupa kan jáde, ó gùn tó ọ̀já. "Ẹ so ó mọ́ igi yín. Àwọn ọmọ mi ò ní fọwọ́ kàn án. Igi kan ṣoṣo o. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀."

Tante Ozite ká aṣọ náà, ó fi í sápò. Ó sin ín dé ibi ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tó padà wọlé ló fìdí lé àga, ó sì wò mí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ obìnrin yìí, mi ò rí ẹ̀rù lójú ẹ̀ rí. Ó ti kojú ọ̀nì, ó ti kojú ìjì, ó ti kojú àlùfáà tó fẹ́ lé ajá ẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Zulma," ó ní, "mi ò mọ igi náà o."

"Mo mọ̀, Tante."

"Wọ́n máa gé mi lulẹ̀."

"Kò ní ṣẹlẹ̀. A máa wá a rí."

A bọ́ sínú omi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ferréol nínú ọkọ̀ kan, Tante Ozite àti Nonc Théogène nínú ìkejì. Irùngbọ̀n igi ni Nonc Théogène máa ń ká, ewé gígùn aláwọ̀ eérú tó máa ń so rọ̀ lára sípírẹ́sì tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù. Láti kékeré ló ti ń bá iṣẹ́ náà bọ̀, kò sí igi kan nínú àbàtà yẹn tí kò tíì gùn. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí ẹnikẹ́ni bá máa rí i, òun ni.

Ibi tí orí ọmọdé máa tó la ń wò lára igi kọ̀ọ̀kan. A ń fi ọwọ́ ra á, a ń bó èpo tó ti ṣí. Ẹ wo ohun tí a rí: ọta ìbọn, ìṣó, ìwọ̀ ẹja, oyin tó lé mi títí mo fi dorí kodò sínú ọkọ̀. Lára igi kan, a rí ibi tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ orúkọ Ferréol sí, pẹ̀lú lẹ́tà E lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ta ni E?" mo bi í.

"Mo ti gbàgbé."

"Ọkọ mi, orúkọ mi ò ní E nínú."

"Zulma, èémí èèyàn là ń wá," ó ní, ó sì wa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Ọ̀rọ̀ E yẹn, mi ò tíì gbé e kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwà Nonc Théogène ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mí lóminú. Ó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ń lọ san owó orí. Ibi tí Tante Ozite bá ní kí ó yà sí, á ní òun ti wò ó. Igi ńlá kan sì wà lápá ìlà oòrùn, tó là sí méjì lókè bí ẹni tó yagàtà. Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ súnmọ́ ọn ló máa ń yí orí ọkọ̀ padà.

"Ọ̀nì wà níbẹ̀," ó ní.

"Ọ̀nì wo, Nonc, nínú òtútù yìí? Gbogbo wọn ti sùn."

"Eléyìí ò sùn."

Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ò tíì rí nǹkan kan. A jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, èmi àti Tante Ozite ń pa èso pekáànì, Nonc Théogène ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Tante Ozite ń pa pekáànì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo ní kí n bi í ní nǹkan tí mo ti fẹ́ bi í látàárọ̀.

"Tante, lọ́jọ́ tí Valsin ṣe é fún yín, kí lẹ rántí?"

"Mo rántí pé ebi ń pa mí. Mo fẹ́ jẹ ẹyin, màmá mi ní ààwẹ̀ la wà, kò sí ẹyin, ó di Ọjọ́ Àjíǹde. Edé odò ló kún gbogbo ìkòkò ilé. Mo rántí pé mo sunkún torí pé ibi tí mo dúró sí ń mì, bàbá mi sì ń pariwo mọ́ mi pé kí n dúró jẹ́ẹ́."

"Kí ló ń mì?"

"Ọkọ̀ ni. Orí ọkọ̀ ni wọ́n gbé mi dúró sí."

Pekáànì bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́dọ̀ tiwa lórí ilẹ̀ gbígbẹ, igi óákù inú ọgbà ni wọ́n ń lò. Ilẹ̀ lọmọ máa ń dúró sí, ilẹ̀ kì í sì í lọ síbì kan. Ilẹ̀ gbígbẹ náà ni Valsin ti wá, bíi tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí edé odò bá pọ̀, tí Àjíǹde kò tíì dé, báwo ni omi ṣe máa ń rí níbí? Mo yíjú sí àbàtà. Ìlà dúdú tí omi máa ń fà sára igi nígbà tó bá kún wà níbẹ̀, lára gbogbo wọn, ó ga ju orí ọkùnrin tó dúró nínú ọkọ̀ lọ. Ojoojúmọ́ la ń rí i, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

"Tante, omi kún lọ́jọ́ yẹn. Ìsàlẹ̀ la ti ń wá ohun tó wà lókè."

Ife kọfí já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fọ́. Nonc Théogène ti dìde.

"Zulma, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?" ó ní. Kò bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. "Ozite, gbọ́ tèmi. So aṣọ yẹn mọ́ igi tó bá wù ẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Théogène, wọ́n fẹ́ gé èémí mi, o ní ká fi sílẹ̀?"

Nonc Théogène bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù ife.

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, Tante Ozite ní ọkọ̀ ńlá la máa gbé, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí Nonc Théogène fi ń ká irùngbọ̀n igi, tó ní àkàbà. Nonc Théogène ní àkàbà ti kán. Ferréol, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wá sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni òun gùn ún, kò sì tíì kán nígbà náà. Nonc Théogène wo Ferréol bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e jù sómi. A wọkọ̀.

"Ibo la máa gbà?" ó bi ìyàwó ẹ̀.

"Gba ibi tí o ní ọ̀nì wà," Tante Ozite ní. Ó ti rí i tipẹ́. Èmi rò pé èmi nìkan ni mo lójú.

Nonc Théogène wa ọkọ̀ dé ìdí igi tó là sí méjì náà. Kò sí ọ̀nì. Ewé pupa bo omi débi pé a ò rí ara wa nínú ẹ̀ mọ́. A gbójú sókè, a wo ìlà omi, a wo òkè ìlà náà. Ó wà níbẹ̀. Èèkàn kékeré kan, ó funfun nínú èpo igi tó ti di eérú.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n mi wálé. Èèkàn tí wọ́n gbẹ́ láti ìgbà tí Tante Ozite wà lọ́mọdé, ṣé ó yẹ kó ṣì funfun?

"Nonc," mo ní, "èèkàn yìí ò tíì pẹ́ níbẹ̀."

Ojú ẹ̀ wà lára àjẹ̀ ọwọ́ ẹ̀. "Òjò máa ń jẹ ẹ́. Bó bá ti ń jẹrà ni mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀."

Tante Ozite yíjú sí i. "Láti ìgbà wo?"

"Kí a tó bí àkọ́bí wa. Mo gun ibẹ̀ lọ ká irùngbọ̀n igi. Èèkàn àkọ́kọ́ ti rà, ẹyẹ kan ń fa irun inú ẹ̀ jáde kó fi kọ́lé. Mo rí àwọ̀ irun náà, mo mọ orí tó ti wá. Mo lé ẹyẹ náà, mo kì í padà, mo gbẹ́ òmíràn."

"O rí i, o ò sọ fún mi. Mò ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣọ́ odidi àbàtà, ìwọ mọ igi kan tó jẹ́."

"Kí n sọ kí ni fún ẹ? Gbójú sókè, Ozite. Wo ibi tó wà. Kí n wọlé kí n wá sọ fún ìyàwó mi pé kò tíì kọjá ẹ̀ rí? Pé kò lè kọjá ẹ̀ láéláé?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ Tante Ozite lára. Mo rí i lójú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló gbà pé òun ti ga kọjá ikọ́ yẹn, pé ìdí nìyẹn tí ikọ́ náà fi lọ. Àṣé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ti ń gbé, tó ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń dàgbà, tó ń bímọ, tó ń darúgbó. Ó gbé ọwọ́ sáyà. Mo sì gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí: àyà ẹ̀ súfèé.

"Ohun tí mò ń sá fún nìyí," Nonc Théogène ní. Omi ti lé sójú ẹ̀. "Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyí."

Súfèé náà ń le sí i. Àwọ̀ ètè ẹ̀ ń yí padà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara mi fún gbogbo ìbéèrè tí mo ti béèrè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Nonc Théogène ti gbé àkàbà, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ìdí ọkọ̀, ó fi orí ẹ̀ ti igi.

"Gùn ún."

"Théo... mi ò... lè..."

"Èémí tó kù yẹn tó àkàbà. Gùn ún, obìnrin yìí."

Èmi àti Ferréol dì mọ́ igi náà kí ọkọ̀ má baà yẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ lé e. Nonc Théogène wà lẹ́yìn ẹ̀, àyà ẹ̀ kan ẹ̀yìn ìyàwó ẹ̀, apá méjèèjì ti yí i ká. Wọ́n ń gùn díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Bàtà Tante Ozite kan bọ́ sómi, a ò wo ibi tó gbà. Nígbà tí èèkàn náà bọ́ sí déédéé imú ẹ̀, ó dúró.

"Òyì ń kọ́ mi."

"Ẹ̀yìn ẹ ni mo wà. Ó ku díẹ̀."

Ó tún gbẹ́sẹ̀. "Ṣé ó ti tó?"

"Gbé ọwọ́ lé orí, kí ìwọ fúnra ẹ wò ó."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àtàrí, ó sún un lọ gbọnrangandan títí ó fi kan igi, bí a ṣe máa ń wọn ọmọ mọ́ ògiri. Ọwọ́ ẹ̀ balẹ̀ sókè èèkàn. Ó kọjá ẹ̀ dáadáa. Ó fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò ó. Kì í ṣe lójú ẹsẹ̀ ni súfèé náà lọ. Ẹni tó bá sọ pé lójú ẹsẹ̀ ni, irọ́ ló ń pa. Ó lọ bí ìkòkò tí wọ́n sọ kalẹ̀ lórí iná, ó ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ewé tó ń jábọ́ nìkan là ń gbọ́.

Àwọn méjèèjì ò sọ̀ kalẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọrùn ń dun èmi tí mò ń wò wọ́n.

"Théogène," ó ní láti òkè ibẹ̀, kò yíjú padà. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ta jí lóru tí mo bá ẹ lójúfò, o máa ń ní ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́."

"Ẹ̀yìn náà ń dùn mí."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tẹ́tí sí èémí ẹ ni."

Tante Ozite na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbá a lórí débi pé ó dùn ún. "Àgbàyà," ó ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ferréol yíjú sápá ibòmíràn. Èmi ò yíjú síbì kan, mo fẹ́ rí i.

Tante Ozite fúnra ẹ̀ ló so aṣọ pupa náà, lókè èèkàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Pruett dé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì wọn. A wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, à ń mu kọfí. Ó wo aṣọ náà láti ọ̀nà jíjìn, ó họ orí.

"Màdáámù, ó mà ga o. Ṣé ibẹ̀ ni èémí yín wà?"

"Tèmi kọ́," Tante Ozite ní. "Mo ti kọjá tèmi lánàá. Ti ọkọ mi ló wà níbẹ̀."

Ọ̀gá Pruett wo Nonc Théogène. Nonc Théogène ń wo inú ife ẹ̀. Ọ̀gá Pruett kì í ṣe aláwàdà, ó de fìlà ẹ̀, ó lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé kí wọ́n rìn jìnnà sí igi yẹn. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé igi máa ń kérora tó bẹ́ẹ̀ kó tó wó. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ti ya lulẹ̀ nínú omi, tí ilé mì, Nonc Théogène á yára yíjú sí ìyàwó ẹ̀, á tẹ́tí.

"Mò ń mí, Théogène," Tante Ozite á ní. "Mu kọfí ẹ."